Ọjọ́ Mélòó Ni Tọkọtaya Fi Ń Túká Láìjà?

Ká sọ pé ọkọ àti ìyàwó ti jókòó, wọ́n ti sọ ọ́ títí, wọ́n sì ti jọ gbà pé ó tó. Kò sẹ́ni tó lu ẹnì kan, kò sẹ́ni tó gbé àlè wálé, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ojú ẹnì kejì gbolẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ ara wọn? Nílé wa níbí, ẹni tó bá yára dáhùn kò mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀nà tí a gbà wọnú ìgbéyàwó la máa ń gbà jáde, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì gba ju ọ̀nà kan wọlé: ìdána níwájú ẹbí, rẹ́jísìrì níwájú ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì níwájú Ọlọ́run. Ilẹ̀kùn mẹ́ta la ṣí wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jáde pátápátá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò tì.

Ti ẹbí ló máa ń pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Obìnrin á kó ẹrù dé ilé bàbá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ò ní sọ nǹkan kan. Ìyá ló máa tẹ̀ lé e wọ yàrá. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yóò fi dé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ fojú fò ó, ẹ̀yin òbí wa. Ìyàwó wa ni, ọmọ wa sì ni.” Bí obìnrin náà bá wá là á mọ́lẹ̀ pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, a ò jà o, àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò,” ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ á tó dojú rú. Àwọn àgbà mọ bí a ṣe ń parí ìjà. Tọkọtaya tí kò jà, kí la fẹ́ parí fún wọn? Wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ lọ tún un rò, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn Iléyá. Iléyá á kọjá, ara ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ò ní yá, wọ́n á ní kí gbogbo ilé dúró dè é.

Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn, máa ń yá ju ìyẹn lọ. Ẹni tó pẹjọ́ á rò, wọ́n á béèrè owó orí, wọ́n á béèrè ọmọ, adájọ́ á sì tú u ká. Ẹni tó gba rẹ́jísìrì wọlé ni tirẹ̀ le. Òfin ọdún 1970 ló de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì, wọn kì í gbọ́ ọ, àfi bí adájọ́ bá dìídì yọ̀ǹda tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àgbèrè àti irú rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú òfin náà tí tọkọtaya ti lè jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo pé, “Àwa méjèèjì la wá.” Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ olùpẹ̀jọ́, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ olùjẹ́jọ́, ì báà jẹ́ mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ wá sí kọ́ọ̀tù. Èyí tó sún mọ́ àjọgbà jù lọ ni ti àwọn tó ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sì sọ pé òun ò takò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa retí ọjọ́ tí ẹjọ́ á kàn wọ́n. Bí adájọ́ bá sì pàṣẹ tán, àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn ò tíì ní kí èèyàn lọ fẹ́ ẹlòmíì. Ó tún di oṣù mẹ́ta kó tó fìdí múlẹ̀.

Ní Jàpáànù, irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lè jáde nílé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí ìgbéyàwó wọn sì ti tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ibi kan náà tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ń sọ ẹni tó kú. Fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rikon todoke, tí wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ ewé tẹ ìlà inú rẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, orúkọ bàbá àti ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fàmì sí àpótí kékeré kan láti fi hàn bóyá àjọgbà ni àbí ilé-ẹjọ́ ló pàṣẹ. Wọ́n á kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà, oṣù àti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n pínyà, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun nínú ilé náà. Ẹlẹ́rìí méjì tó ti pé ọdún 18 á wá fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹlẹ́rìí: ọ̀rẹ́, àbúrò, ẹni tó jókòó ní tábìlì kejì níbi iṣẹ́. Títí di ọdún 2021, dandan ni kí tọkọtaya tẹ òǹtẹ̀ orúkọ wọn sí i. Ní báyìí, kí wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ ti tó.

Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí lọ́yà, kò sí adájọ́, fọ́ọ̀mù náà ò sì ní àlàfo kankan tí èèyàn lè kọ ìdí sí. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè dá mú un lọ, wọ́n sì lè fi í sínú lẹ́tà ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ òru ni, tàbí ọjọ́ ìsinmi, wíńdò kan wà tó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ́fíìsì bá ti tì. Òṣìṣẹ́ á wò ó bóyá gbogbo àlàfo ti kún, bóyá orúkọ bá èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹbí mu. Bó bá pé, ó gbà á, ọjọ́ tó gbà á náà ni ìgbéyàwó parí. Abala 763 nínú òfin wọn ló fún wọn láyè, kò sì gùn ju kó sọ pé tọkọtaya lè fi àdéhùn kọ ara wọn sílẹ̀. Lọ́dún 2023, ìgbéyàwó tó túká ní Jàpáànù lé ní 180,000. Nínú mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló ń gba ibi fọ́ọ̀mù yìí.

Ohun kan wù mí níbẹ̀, n ò ní purọ́. Ẹni tó bá ti jókòó sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ rí, tó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń tú àṣírí orí bẹ́ẹ̀dì síta níwájú àlejò kí ẹjọ́ wọn lè wọ adájọ́ létí, á mọ ìdí rẹ̀. Kí àgbà méjì lè fi ọ̀wọ̀ fi ara wọn sílẹ̀ láìka ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn sí gbangba, ohun tó dára ni.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù kì í pe ẹnì kejì kó bi í pé, ṣé òótọ́ lẹ jọ gbà? Ìwé ló ń wò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ lè fọwọ́ sí i fún ìyàwó, ìyàwó lè fọwọ́ sí i fún ọkọ, kí ẹni tó sùn sílé jí kó rí i pé òun ti di ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láti fagi lé e, ó sì di wàhálà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe gbé ìwé mìíràn kalẹ̀: ẹni tí ara bá ń fu lè lọ sọ tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n má gba fọ́ọ̀mù ìkọ̀sílẹ̀ kankan lórúkọ òun, àfi bí òun bá fẹsẹ̀ ara òun dé ibẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti rọrùn láti ṣí tó báyìí, wọ́n ní láti fún àwọn èèyàn ní kọ́kọ́rọ́.

Àṣà kí ìwé kékeré tú ìgbéyàwó ká kò bẹ̀rẹ̀ lónìí lọ́dọ̀ wọn. Láyé ìjọba àwọn Tokugawa, láti 1603 sí 1868, ọkọ ló ń kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta àbọ̀ ni ìwé náà sábà máa ń jẹ́, òun ni wọ́n fi ń pè é ní mikudari-han. Ohun méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀: pé mo ti tú ọ sílẹ̀, àti pé ẹni tó bá wù ọ́ ni kó o fẹ́, n ò ní bá ọ sọ ọ́. Wọ́n ní ọkọ tí kò mọ̀wé kọ lè fa ìlà gígùn mẹ́ta àti ìdajì ìlà kan, ó ti tó. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìwé náà o. Lábẹ́ òfin tí wọ́n kó jọ ní 1742, obìnrin tó bá lọ fẹ́ ọkọ mìíràn láìgba ìwé, wọ́n á fá irun orí rẹ̀, wọ́n á dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó bá gbé ìyàwó tuntun wọlé láìkọ ìwé fún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á lé e kúrò ní àdúgbò tó ń gbé.

Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti kọ̀wé ńkọ́?

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí obìnrin tiwa ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ bá ti sú u, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ nítorí owó orí tí wọ́n ti ná, yóò sá lọ sí ààfin tàbí ilé ìjòyè ńlá kan, yóò dìpómú. Bó bá ti wọ ibẹ̀, ọkọ ò lè wọ́ ọ jáde mọ́; ọ̀dọ̀ ọba tàbí ìjòyè náà ló ti máa sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wá di ti owó orí tó gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ọkọ, yálà ẹbí obìnrin ló san án tàbí ọkùnrin mìíràn tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ibi ìgbádùn: ẹni tó gba obìnrin náà sílẹ̀ lè máa lò ó bí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ibi tí agbára ọkọ ti dópin.

Ní Kamakura, tí rélùwéè ń lò bíi wákàtí kan láti Tokyo dé, tẹ́ḿpìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tokei-ji. Obìnrin kan tó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ló dá a sílẹ̀ ní 1285, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà kì í ṣe ẹni kékeré: Hojo Tokimune ni, aláṣẹ tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dojú kọ àwọn Mongol ní 1274 àti 1281. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, obìnrin nìkan ló ń gbé tẹ́ḿpìlì náà. Àtẹ̀gùn òkúta ló gòkè lọ sí ẹnu géètì rẹ̀, lábẹ́ òrùlé koríko. Wọ́n ń sọ ọ́ pé obìnrin tí ọkọ ń lé bọ̀ kò nílò kí ara rẹ̀ wọlé tán: bó bá ti ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tàbí ìkótí irun rẹ̀ sínú ọgbà, ó ti dé, ọkọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló jọ tilé wa jù. Wọn kì í mú obìnrin náà wọ inú tẹ́ḿpìlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé àlejò tó wà níwájú géètì ni wọ́n máa ń fi í wọ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ḿpìlì á gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìhà ọ̀dọ̀ ọkọ. Wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé. Bó bá kọ̀, wọ́n á kọjú sí ọkọ pé kó kọ ìlà mẹ́ta àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló máa ń gbà níbẹ̀, ìwé á jáde, obìnrin á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sílé. Bí ọkọ bá ṣe agídí, obìnrin á wá wọ inú tẹ́ḿpìlì, á máa gbálẹ̀, á máa rán aṣọ, á máa ka àdúrà pẹ̀lú àwọn tó kù fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di oṣù 24. Bí oṣù bá pé, ó dòmìnira, ọkọ fẹ́, ọkọ kọ̀. (Ọdún méjì yẹn àti ọdún méjì inú òfin Nàìjíríà kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnì kan.)

Ní 1871 ni agbára yìí bọ́ lọ́wọ́ tẹ́ḿpìlì náà. Ní 1873, ìjọba Meiji jẹ́ kí obìnrin lè fúnra rẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ láti béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Ìwé òfin ńlá tó dé ní 1898 ló wá fi ìkọ̀sílẹ̀ alájọgbà sí àyè tó wà di òní, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sí i tí yóò dùn mọ́ àwọn àgbà ilé wa nínú: ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 ò lè fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé àwọn òbí gbà. Ìgbà tí ogun àgbáyé kejì parí, tí wọ́n tún òfin ẹbí kọ, wọ́n yọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, kò ku àgbà kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà mọ́ àfi ẹlẹ́rìí méjì yẹn, àwọn náà kì í sì í béèrè nǹkan kan.

Ìwé parí, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Tọkọtaya ní Jàpáànù gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹbí kan náà, ìyàwó ló sì sábà máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀ padà wá bá a. Bó bá fẹ́ máa jẹ́ ti ọkọ nìṣó, bóyá nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí orúkọ àwọn ọmọ, oṣù mẹ́ta ló ní láti lọ sọ ọ́. Ẹni tí wọn ò bá fún ní ìpín rẹ̀ nínú dúkìá, ọdún méjì ni òfin fi sílẹ̀ fún un láti béèrè, kí wọ́n tó sọ ọ́ di márùn-ún nínú òfin tuntun ti 2024. Tẹ́lẹ̀ rí, obìnrin ò lè fẹ́ ọkọ mìíràn títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Ní 2016 ni wọ́n dín in sí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Mùsùlùmí tó bá mọ ìdáà, ìdúró obìnrin kó tó tún lọ́kọ, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀: kí bàbá ọmọ inú má baà rújú.

Ti ọmọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ìyára yìí ti ń jẹ èèyàn níyà. Lábẹ́ òfin tó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2026, òbí kan ṣoṣo ló lè ní àṣẹ lórí ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ bàbá tàbí sábẹ́ ìyá lórí fọ́ọ̀mù. Bí wọn ò bá kọ ọ́, òṣìṣẹ́ ò ní gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé orí ìpinnu yẹn, inú ilé ló parí sí. Ẹni tó ń kánjú jáde lè fi ohun gbogbo sílẹ̀, owó oúnjẹ ọmọ pẹ̀lú. Láti 2012, wọ́n fi ìbéèrè méjì kún fọ́ọ̀mù náà: ṣé ẹ ti fẹnu kò lórí bí ọmọ yóò ṣe máa rí òbí kejì? Ṣé ẹ ti fẹnu kò lórí owó ìtọ́jú rẹ̀? Èèyàn lè fàmì sí “a ò tíì ṣe é,” wọ́n á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn ṣèwádìí ní 2021, nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó ń dá tọ́mọ, nǹkan bí 28 ló ń rí owó gbà lọ́wọ́ bàbá ọmọ. N ò sọ pé àwọn bàbá tiwa sàn jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀tù mọ iye owó oúnjẹ tí adájọ́ ń dá lẹ́nu tí kì í dé ọwọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́ àti níwájú àwọn àgbà, ẹnì kan á kúkú béèrè pé, “Àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́?” kó sì dúró gbọ́ èsì. Bí mo ṣe rí i, ohun tí àkókò gígùn ilé wa ń rà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń sanwó rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn aṣòfin Jàpáànù rí i. Òfin tí wọ́n ṣe lóṣù karùn-ún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2026, jẹ́ kí bàbá àti ìyá lè jọ ní àṣẹ lórí ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Ó tún yan iye owó kékeré kan tí òbí tó ń tọ́ ọmọ lè béèrè láti ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ gan-an, bí wọn ò tilẹ̀ tíì fẹnu kò, títí wọ́n á fi fẹnu kò. “A ò tíì ṣe é” wá ní iye tó ń náni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá wọ̀ kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ adájọ́. Ilé-ẹjọ́ ẹbí máa ń kọ́kọ́ fi wọ́n sọ́wọ́ àwọn onílàjà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọkọ á wọlé sọ tirẹ̀, á jáde; ìyàwó á wọlé sọ tirẹ̀, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ti ń dúró kí wọ́n má baà pàdé ní kọ́rídọ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é tí kò yanjú ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí Yorùbá méjì tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bá ń gbé Tokyo, tí wọ́n sì jọ gbà láti túká, ṣé wọ́n lè gba fọ́ọ̀mù yẹn? Òfin Jàpáànù ní bí tọkọtaya bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, òfin orílẹ̀-èdè wọn ni yóò darí ìkọ̀sílẹ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ni wọ́n ṣe, ilé-ẹjọ́ ni òfin tiwa mọ̀, kò mọ fọ́ọ̀mù, nítorí náà ọ̀dọ̀ adájọ́ ni wọ́n máa gbà, ní Tokyo níbẹ̀ náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọmọ Jàpáànù tó ń gbé ibẹ̀, òfin Jàpáànù ló máa ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù náà á sì tó wọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gbàgbé láti gba ìwé-ẹ̀rí ní ọ́fíìsì pé wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù náà wọlé, kó sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kó tó wọ bàálù, torí wọ́n á bi í níbikíbi tó bá ti fẹ́ tún ìgbéyàwó ṣe. 350 yen ni wọ́n sábà máa ń gbà fún ìwé-ẹ̀rí náà.